Dídi Tíṣà Kẹ́mísírì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Láti ọdún 1896 tí St. Andrew's College ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ni ìlú yìí ti ń pèsè olùkọ́. Iṣẹ́ náà ò tíì dúró, ṣùgbọ́n tíṣà tó mọ kẹ́mísírì dé ìdí ò tíì pọ̀ tó ní ilé-ìwé girama wa. Ìbéèrè àwọn ọmọ SS3, ti àwọn òbí wọn, àti ti àwọn tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni a kó jọ síbí. Ti ìwé-ẹ̀rí, a dáhùn rẹ̀ ní ṣókí. Ti láàbù, a jókòó tì í, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíṣà tuntun ti ń kọsẹ̀.

Ṣé kí n lọ ṣe NCE ni, àbí kí n dúró de yunifásítì?

Ọdún mẹ́ta ni NCE, òun sì ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí òfin ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa gbà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kẹ́mísírì kì í bẹ̀rẹ̀ títí ọmọ á fi dé SS1. Ní JSS, sáyẹ́ǹsì gbogboogbò ni wọ́n ń ṣe, ibẹ̀ ni ẹni tó ní NCE nìkan sì máa ń wà jù. Tó bá jẹ́ kíláàsì SS ni ọkàn yín wà, B.Sc.(Ed.) Chemistry ni kí ẹ fojú sí: ọdún mẹ́rin fún ẹni tó gba JAMB wọlé, ọdún mẹ́ta fún ẹni tó fi NCE gba Direct Entry bọ́ sí 200 level.

Tí èsì WAEC yín bá pé, tí máàkì JAMB sì tó, ẹ gba yunifásítì lọ tààrà. Tí JAMB bá ń já yín kulẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ má jókòó sílé. Ẹni tó gba ọ̀nà NCE yóò ti dúró níwájú kíláàsì fún sẹ̀mẹ́sítà kan gbáko kó tó dé yunifásítì, kì í sì í bẹ̀rù pátákó mọ́. Lójú tiwa, èyí tó ohun tí ènìyàn ń fi ọdún méjì tí ọ̀nà yìí fi gùn ju ti tààrà lọ rà.

Ilé-ìwé wo ló sún mọ́ wa?

Ní Ọ̀yọ́, Emmanuel Alayande wà níbẹ̀, tó ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́. Federal College of Education (Special), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kíkọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn adití, afọ́jú àti àwọn mìíràn tó nílò ìtọ́jú pàtàkì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ sún mọ́ Yunifásítì Ìlọrin, ará Ọ̀yọ́ sì sún mọ́ Yunifásítì Ìbàdàn; méjèèjì ló ní ẹ̀ka tó ń kọ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì. Kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ wọ IBASS, ìyẹn ìwé ìlànà JAMB orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ ní Chemistry Education. Ẹni tó kàn kọ "Chemistry" láìfi "Education" sí i ti yan iṣẹ́ mìíràn.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo ni mo nílò?

Kírẹ́díìtì márùn-ún fún yunifásítì: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Kẹ́mísírì, pẹ̀lú méjì nínú Físíìsì, Báyọ́lọ́jì tàbí Ágíríkì. Ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Kẹ́mísírì àti méjì nínú Físíìsì, Báyọ́lọ́jì àti Ìṣirò. Ẹ má ṣe sá fún Ìṣirò. Ìdajì ohun tó ń mú ọmọ kúnà nínú kẹ́mísírì, ìpín àti ìsọdipúpọ̀ ni.

LAUTECH ni mo ti ka kẹ́mísírì. Ṣé mo lè ṣe tíṣà?

Ẹ lè ṣe é. B.Tech yín fi hàn pé ẹ mọ kẹ́mísírì. Ohun tó kù ni ẹ̀rí pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ènìyàn. PGDE, ìyẹn dípúlómà iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní dìgírì, ni ẹ ó gbà, ní yunifásítì tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tàbí lọ́dọ̀ National Teachers' Institute. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1993. Ẹni tó ní dìgírì nínú ẹ̀kọ́ tàbí PGDE wà ní ìpele C, ẹni tó ní NCE wà ní ìpele D. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń gba tíṣà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eléyìí. Ìwé TRCN wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè.

Kí ni wọ́n ń kọ́ wa níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ka kẹ́mísírì lásán?

Kẹ́mísírì náà ni, ó kàn fi bí ọmọ ṣe ń ronú, bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò, àti máíkírò-tíṣìn kún un. Ní máíkírò-tíṣìn, ẹ ó fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín díẹ̀, kí wọ́n lè sọ ibi tó kù sí fún yín.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn ọmọ 100 level láàmú: orúkọ. Ní yunifásítì, olùkọ́ yín á pè é ní sulphuric acid. Ní SS1, tetraoxosulphate(VI) acid ló wà nínú ìwé àwọn ọmọ. Ẹ mọ méjèèjì, kí ẹ sì mọ bí nọ́mbà VI yẹn ṣe jẹ́: nínú H₂SO₄, háídírójìn méjì jẹ́ +2, ọ́síjìn mẹ́rin jẹ́ −8, èyí tó kù fún sọ́fọ̀ ni +6. Ọmọ tó bá mọ ìṣirò yìí kò ní há orúkọ sórí mọ́.

Wọ́n ní láàbù ló ń dán tíṣà wò. Kí ni mo gbọ́dọ̀ lè ṣe kí n tó jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdánwò práátíkà WAEC jẹ́ 50 máàkì, wákàtí méjì. Titration wà níbẹ̀, ìyẹn kíkán ásíìdì láti inú burette (ọ̀pá gígùn tó ní ìwọ̀n lára) sínú álíkálì títí àwọ̀ á fi yí; ìdámọ̀ iyọ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà tí kò bá lè po omi ásíìdì fúnra rẹ̀ yóò máa ti práátíkà síwájú títí ìdánwò á fi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ẹ̀rù ni. Torí náà, àtìgbà tí ẹ bá ti wà ní 100 level ni kí ẹ ti máa bẹ àwọn òṣìṣẹ́ láàbù pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá wọn po nǹkan. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ó ti kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì ọmọ 40, tó fẹ́ ṣe titration HCl àti NaOH. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi pipette fa 25 cm³ NaOH lẹ́ẹ̀mẹ́rin: ẹ̀ẹ̀kan fún ìdánrawò, ẹ̀ẹ̀mẹta fún òótọ́. Ìyẹn jẹ́ 100 cm³. Ẹ fi 50 kún un fún ṣíṣan ohun èlò àti èyí tó máa dà nù. 150 lọ́nà 40 jẹ́ 6,000 cm³, lítà mẹ́fà. Ẹ po iye kan náà fún ásíìdì.

Fún NaOH 0.1 mol/dm³, 4.0 g ló ń wọ lítà kan, nítorí náà 24 g fún mẹ́fà. Ẹ wọ̀n ọ́n kíákíá kí ẹ sì dé ìgò padà, torí pé nǹkan yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tó bá pẹ́ lórí òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i tó ń yọ̀ tó sì ń dán. Ẹ yọ́ ọ nínú omi díẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kó tutù (ó máa ń gbóná), kí ẹ tó fi omi kún un dé àmì.

Fún HCl 0.1 mol/dm³, ásíìdì gidi tó wà nínú ìgò, ìyẹn èyí tó tó 36% tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.18 g/cm³, bí 8.5 cm³ ló ń wọ lítà kan. Fún lítà mẹ́fà, 51 cm³. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú ohun èlò, kí ẹ tó rọra da ásíìdì sí i. Ẹ má yí i padà láéláé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìgò yẹn ti dé ọwọ́ ilé-ìwé lè pẹ́, agbára rẹ̀ sì ti lè dín kù. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé 0.1 yín jẹ́ 0.1? Ẹ mú Na₂CO₃ tí kò lómi nínú, ẹ gbé e sórí iná kó gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ohun tí a dé, kí ẹ wọn 1.325 g kí ẹ sì pò ó di 250 cm³. Ìyẹn ni 0.05 mol/dm³. Ẹ fa 25 cm³ rẹ̀, ẹ kán methyl orange, ìyẹn atọ́ka tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí nígbà tí iṣẹ́ bá parí, sí i, kí ẹ fi HCl yín ṣe titration rẹ̀. Tí burette bá fún yín ní 25 cm³, ó pé. Tó bá fún yín ní 26.30, ásíìdì yín rọ̀ díẹ̀, bí 0.095 ló jẹ́. Ẹ kọ èyí sára ìgò.

Ẹ ṣọ́ra fún phenolphthalein, atọ́ka mìíràn, níbi Na₂CO₃ yìí. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń lọ nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, nígbà tí carbonate di hydrogencarbonate. Ọmọ tó lò ó yóò mú 12.5 wá, yóò sì máa rò pé òun ṣe é dáadáa.

Kí ló dé tí nọ́mbà àwọn ọmọ kì í fi í bára mu?

Ohun mẹ́ta ló máa ń fà á jù. Àkọ́kọ́, wọ́n fi omi NaOH fọ flask. Ẹ kọ́ wọn báyìí: burette, ohun tó máa wọ inú rẹ̀ la fi ń ṣàn án, pipette náà bẹ́ẹ̀, flask, omi lásán. Tí flask bá ti ní NaOH tẹ́lẹ̀ nínú, 25 cm³ tí a fa kì í ṣe 25 mọ́. Ìkejì, afẹ́fẹ́ há sí ẹnu burette nísàlẹ̀ kọ́ọ̀kì. Nígbà tó bá jáde láàárín iṣẹ́, ó ti bu nǹkan kún nọ́mbà. Ìkẹta, wọn ò yọ fọ́nẹ́ẹ̀lì kúrò lórí burette, ó sì ń kán sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wo ìwọ̀n.

Ojú ọ̀gangan ni kí wọ́n ti máa wò ó, ìsàlẹ̀ ìtẹ̀kòtò omi ni kí wọ́n kà. Ibi méjì lẹ́yìn ojúàmì ni wọ́n ń kọ: 24.10, kì í ṣe 24.1. Àwọn nọ́mbà tí kò ju 0.20 cm³ lọ síra wọn nìkan ni kí wọ́n fi ṣe ìpíndọ́gba. Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn gidigidi pé kí wọ́n má fẹ́ ẹ̀kán ìkẹyìn tó kù sí ẹnu pipette jáde. Wọ́n ti ka ẹ̀kán yẹn mọ́ ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ṣé a lè lo omi kànga?

Fún fífọ ohun èlò, ó ṣeé lò. Fún ìdámọ̀ iyọ̀, rárá. Ẹ kán silver nitrate sí omi kànga, ẹ ó rí i tó funfun bí omi ògì, torí pé chloride ti wà nínú rẹ̀. Gbogbo iyọ̀ tí àwọn ọmọ bá yọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ ló máa jẹ́ chloride lójú wọn. Omi inú ọ̀rá náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi distilled ló dára jù. Tí kò bá sí, omi òjò tí ẹ gbè ní gbangba sínú ike mímọ́, tí kò gba orí páànù, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí tó ti fọ eruku afẹ́fẹ́ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi silver nitrate dán an wò. Tí ó bá mọ́ gaara, ẹ lò ó.

Nǹkan mìíràn tó máa ń ba ìdámọ̀ iyọ̀ jẹ́ ni iron(II). Àárọ̀ ọjọ́ práátíkà gan-an ni kí ẹ pò ó, kí ẹ sì kán ásíìdì sulphuric tó rọ̀ sí i. Èyí tí ẹ bá pò sílẹ̀ láti àná ti ń di iron(III), yóò sì fún àwọn ọmọ ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ dípò aláwọ̀ ewé.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ẹ ní kí wọ́n wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ewé náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: òkè rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kàn án, ni yóò kọ́kọ́ pọ́n. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìkòkò aró. Nígbà tí alaró bá yọ aṣọ jáde nínú ẹlú, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ní àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ni, kó tó máa ṣú díẹ̀díẹ̀ lójú yín bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i. Ọ́síjìn afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì. Irú iṣẹ́ yìí ni kẹ́mísírì ń pè ní redox. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é láti ayébáyé, pẹ̀lú omi eérú nínú ìkòkò amọ̀.

Ilé-ìwé tí wọ́n máa gbé mi lọ lè má ní láàbù. Kí ni mo lè ṣe?

Púpọ̀. Ẹ se ewé zobo, ẹ jẹ́ kó tutù: nínú ọsàn wẹ́wẹ́ ó pupa, nínú omi eérú ó di aláwọ̀ ewé. Atọ́ka nìyẹn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún tí ẹ lọ̀, yóò hó. Gáàsì tó ń jáde yẹn ni carbon dioxide. Kí ẹ fi ẹ̀rí hàn, ẹ fa gáàsì náà gba inú rọ́bà lọ sínú omi ẹfun tó mọ́, yóò funfun. Ẹ fi ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n ti fi omi pa sínú omi, ẹ mì í, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ rọra da ti òkè tó mọ́ jáde. Sítóòfù gáàsì kékeré ń ṣe iṣẹ́ Bunsen. Ohun tí ẹ kò lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò ni burette, pipette àti òṣùwọ̀n. Ìwọ̀nyí ni kí ẹ máa fi lẹ́tà bẹ ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fún, kí ẹ kọ iye àti owó rẹ̀ sí i kedere. Lẹ́tà tó ní nọ́mbà nínú ni wọ́n ń dá lóhùn.

Báwo ni mo ṣe máa kọ́ wọn ní mole tó fi máa yé wọn?

Ẹ gbé kéréètì ẹyin wọ kíláàsì. 30 ni ẹyin adìẹ inú kéréètì, 30 náà ni ti ẹyin ẹtù. Iye kan náà, ìwúwo kò dọ́gba. Bí mole ṣe rí nìyẹn: iye ni, kì í ṣe ìwúwo. Kì í ṣe 30 ni tirẹ̀, 6.02 × 10²³ ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ mole sórí tábìlì fún wọn: 18 g omi, 58.5 g iyọ̀ ọbẹ̀, 342 g ṣúgà. Gbogbo rẹ̀ wà ní ọjà Akẹ̀sán. Ọmọ tó bá ti gbé mole ṣúgà lọ́wọ́ kan, tó gbé mole omi lọ́wọ́ kejì, kò ní gbàgbé.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣubú ni O₂. 16 g àbí 32 g? Ẹ padà sídìí ẹyin. Tí gbogbo ẹyin kéréètì kan bá ní pupa méjì méjì nínú, ẹyin 30 ni, pupa 60. Mole kan O₂ jẹ́ mole méjì átọ́ọ̀mù ọ́síjìn. Ẹ kọ́ wọn láti máa béèrè nígbà gbogbo pé, "mole kíni?"

Ṣé mo lè fi Yorùbá ṣàlàyé?

Ẹ ṣe é. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ láti 1970 ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, ó sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC ń béèrè. Torí náà, ẹ fi Yorùbá jẹ́ kó yé wọn, kí ẹ tó fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí wọ́n tún un sọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ló máa ń já ènìyàn kulẹ̀ ní tíṣìn práátíìsì?

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí kò ní ìtumọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ pé "ní ìparí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ electrolysis." Báwo lẹ ṣe máa wọn "mọ̀"? Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí: yóò lè ya àwòrán ohun èlò náà, yóò lè sọ ohun tó máa jáde ní cathode. Alábòójútó tó bá wá wò yín yóò fi ohun tí ẹ kọ yẹn wọn ìbéèrè tí ẹ bi àwọn ọmọ ní ìparí. Tí méjèèjì kò bá bára mu, máàkì ti lọ.

Ìṣẹ́jú 40 kì í pẹ́ tán. Ẹ fi márùn-ún béèrè ohun tí wọ́n ti mọ̀, 25 fún ẹ̀kọ́ tuntun ní ìpele mẹ́ta, márùn-ún fún ìbéèrè, márùn-ún fún àkópọ̀ àti iṣẹ́ àmúrelé. Ẹ ṣe gbogbo práátíkà tí ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n ní ọjọ́ kan ṣáájú, pẹ̀lú ohun èlò yẹn gan-an. Ẹ má kọjú sí pátákó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sì má fi àṣìṣe pamọ́: tí ọmọ kan bá sọ pé ìdọ́gba yín kò dọ́gba, ẹ kà á pẹ̀lú rẹ̀, ẹ tún un ṣe, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló fẹ́ ṣe é. Ṣé ásíìdì kò ní ṣe é ní jàǹbá?

Mọ́mì, kì í ṣe tó bá tẹ̀lé ìlànà. Kí ó wọ awò ojú, bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu fa ásíìdì líle tàbí ammonia láé. Ìgò ammonia tó ti wà nínú ooru ọ̀sán máa ń ru jáde nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú omi tútù, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò sí ènìyàn. Tí nǹkan bá ta sí ojú tàbí ara, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n má ṣe fi ohunkóhun mìíràn pa á. Èyí tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ni ásíìdì inú ìgò mínírà. Ọmọdé á rò pé ohun mímu ni. Ìgò tó ní orúkọ, agbára àti ọjọ́ lára nìkan ni kó lò.

Kò sówó. Ìrànlọ́wọ́ wo ló wà?

NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga ìjọba lówó láìsí èlé, wọ́n sì ń san owó ilé-ìwé sọ́dọ̀ ilé-ìwé tààrà. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ mú nọ́mbà JAMB, NIN, BVN àti nọ́mbà ìgbàwọlé yín dání.

Ta ló ń gba tíṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́?

TESCOM, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́, ló ń gba ti ilé-ìwé girama ìjọba. Wọ́n máa ń polongo rẹ̀, ìdánwò sì máa ń tẹ̀lé e. Àwọn ilé-ìwé aládàáni ń gbà nígbà gbogbo. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ní láàbù kí ẹ tó béèrè owó oṣù.

Mo ti rí àdímíṣọ̀n. Kí ni kí n ṣe nínú oṣù méjì tó kù?

Ẹ ra ìwé ìdánwò WAEC àtijọ́, ẹ ṣe ìbéèrè mole àti electrolysis ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ẹ máa kọ ìdáhùn bí ẹni pé ọmọ SS2 lẹ ń kọ ọ́ fún, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ há átọ́ọ̀mù 20 àkọ́kọ́ sórí pẹ̀lú ìwúwo wọn. Ẹ lọ sí ilé-ìwé girama tí ẹ ti jáde, kí ẹ bẹ tíṣà kẹ́mísírì ibẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí ẹ bá òun fọ burette kí ẹ sì bá òun po omi ásíìdì lọ́jọ́ práátíkà. Ẹ mú ìwé kékeré dání, kí ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n tí ó bá lò sílẹ̀.